Òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe òjò London: Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì yín tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà

Bí oṣù kẹta bá ti ń lọ sópin, tí ọdún Àjíǹde sì ti ń sún mọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ tó wà l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábùjá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtilọ sílé. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ni ọdún Àjíǹde bọ́ sí, ìyẹn gan-an lásìkò tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ múra sílẹ̀ dáadáa á gbé fóònù, á bi Google léèrè pé: kí lèèyàn ń dì sínú báàgì tó bá ń lọ sílùú olójò?

Èsì tó máa rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Wọ́n á ní kó mú kóòtù òjò tó gùn dé orúnkún, súwẹ́tà onírun àgùntàn, síkáàfù, bàtà aláwọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti ife tí kì í jẹ́ kí tíì tutù. Àwọn tó kọ ọ́ ò parọ́ o. Ìlú tiwọn ni wọ́n kọ ọ́ fún, London tàbí Seattle. Wọn ò mọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sọ́hùn-ún lásìkò yìí ni mo máa ń rí i: ọmọkùnrin kan tó wọ kánfáàsì funfun báláú á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹrẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ẹ̀rín nìkan, torí ohun téèyàn gbé dání àtohun téèyàn gbàgbé lásìkò àkọ́rọ̀ òjò lè ba ìwé ẹ̀rí jẹ́, ó lè kó àìsàn ranni, ó sì lè gbẹ̀mí ẹni. Òjò tó ń rọ̀ níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni kẹ́ ẹ di ẹrù fún, kì í ṣe òjò inú fóònù.

Irú òjò wo gan-an ni?

Fún ẹni tí ò bá débẹ̀ rí, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wà láàárín Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ olókè àti igbó ni, ilẹ̀ kòkó, obì àti iṣu. Kì í ṣe ọmọ ìlú nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN, ní ọgbà kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti ibi gbogbo. Agùnbánirọ̀ ń dé. Àwọn tó fẹ́ lọ wo òṣọọ̀rọ̀ omi ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà náà ń rìn ní agbègbè yẹn.

Ní London, gbogbo òjò tó ń rọ̀ láàárín ọdún kan ò ju nǹkan bíi 600 mílímítà lọ. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó máa ń lé ní 1,200. Ìlọ́po méjì ni, síbẹ̀ ẹni tó ń gbé London á sọ fún yín pé òjò ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n dá. Òótọ́ ló sọ. Òjò tiwọn máa ń ṣe wìnnìwìnnì láti àárọ̀ dalẹ́, òtútù ló sì fi ń báni jà. Tiwa ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan péré, ó lè da gbogbo ohun tó gbé wá sílẹ̀, tó bá sì dá tán, oòrùn á tún yọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ni atẹ́gùn gbígbẹ tó ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì ni atẹ́gùn olómi tó ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀. Nígbà tí atẹ́gùn olómi yìí bá ń borí díẹ̀díẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán sì ti mú ilẹ̀ gbóná janjan, ìkùukùu á ga sókè, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sì sábà máa ń dà. Apá ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀hún ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni mọ́. Atẹ́gùn ló máa kọ́kọ́ dé, á gbé eruku àti ewé, á máa mi páànù orí ilé. Àrá á tẹ̀ lé e, nígbà míì yìnyín á bá a wá. Ẹ̀yìn ìyẹn lòjò á wá yà bolẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: atẹ́gùn, àrá, ẹrẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí lẹ̀ ń di ẹrù fún. Òtútù ló kẹ́yìn.

Agboòrùn nìkan ò tó

Ẹ wo orúkọ tá a sọ ọ́ ná. Agboòrùn, ohun tó ń gba oòrùn. Àwọn kan ń pè é ní agbòjò, àmọ́ nínú ìjì oṣù kẹrin, orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ló bá a mu jù. Atẹ́gùn á yí i sódì, á ṣẹ́ ẹ léegun, ẹ̀yin àti agboòrùn lẹ jọ máa rẹ. Ẹ mú kékeré kan dání fún oòrùn ọ̀sán àti fún òjò tó bá ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tán.

Ohun tó máa gbà yín ni kóòtù òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní fìlà, irú èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, tó ṣeé ká sínú àpò. Ẹni tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà láti títì wọ inú ìlú mọ ohun tí mò ń wí. Ọwọ́ lẹ fẹ́ fi di ọ̀kadà mú, orí ẹsẹ̀ yín ni báàgì wà, ta ló fẹ́ bá yín gbé agboòrùn?

Ọ̀rọ̀ àrá ò sì gba àwàdà. Tó bá ti ń sán, ẹ pa agboòrùn dé, kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ má sá sábẹ́ igi, bó ti wù kí igi ọ̀hún lápá tó. Ìṣirò kan wà tí ò gba íntánẹ́ẹ̀tì: tẹ́ ẹ bá ti rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìró máa ń rin kìlómítà kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3. Tẹ́ ẹ ò bá tíì kà dé 30 tẹ́ ẹ fi gbọ́ àrá, ó ti sún mọ́ yín jù. Inú ilé tàbí inú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ wà ní pípadé ló yẹ kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ẹlẹ́kọ ìrọ̀lẹ́ ò ní sá lọ.

Aṣọ tó tètè ń gbẹ

Àwọn àgbà ní òjò ń rọ̀, orò ń ké, atọ́kùn àlùgbè tí ò láṣọ méjì á sùn síhòòhò. Aṣọ pààrọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ aṣọ pààrọ̀ kì í ṣe jíǹsì mẹ́ta. Jíǹsì kan tó bá ti fa omi mu lè wà lórí okùn fún ọjọ́ méjì kó máà gbẹ, torí afẹ́fẹ́ pàápàá ti kún fómi. Ó tún wúwo, àpò yín lẹ̀ ń pọ́n lójú.

Fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, àǹkárá méjì, ṣòkòtò fẹ́lẹ́ méjì, ẹ̀wù onílẹ́ńkẹ́ mẹ́ta ti tó. Àwọ̀ tó bá ṣókùnkùn díẹ̀ ló dáa, torí ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ẹrẹ̀ rẹ̀ ò sì mọ funfun í fi sílẹ̀. Ẹ yọ aṣọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn àfi lálẹ́, kẹ́ ẹ lè fi aṣọ gbígbẹ sùn. Ẹ fi súwẹ́tà pẹlẹbẹ kan kún un, torí pé lẹ́yìn òjò, alẹ́ ilẹ̀ olókè máa ń tutù ju ti Èkó lọ. Ẹyọ kan ni mo wí o.

Ní ti bàtà, sáńdà rọ́bà tó ní okùn lẹ́yìn ni ọ̀gá. Sílípáàsì máa ń yọ̀, ó sì máa ń ta ẹrẹ̀ séèyàn ní ẹ̀yìn títí dé ìbàdí. Bàtà aláwọ tó bá rẹ, á le, á sì máa rùn kẹ́ ẹ tó padà. Ẹ mú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì kan, kẹ́ ẹ gbé e dání nínú ọ̀rá títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wò yín.

Ọ̀rá ni olórí ẹrù

Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ dárúkọ, ọ̀rá ló pọ́ọ́kú jù, òun ló sì wúlò jù. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló lorúkọ Òṣómàáàló, àwọn oníṣòwò tó ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú láyé ijọ́un, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó. Ẹni tó ń fi aṣọ rìnrìn àjò ò lè fojú kéré òjò.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ mọ́tò n'Íbàdàn lásìkò yìí kan náà. Bùútù ti kún. Awakọ̀ wá fi okùn so àwọn báàgì tó kù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní ká fọkàn balẹ̀, òjò ò ní rọ̀. Kò pẹ́ tá a kọjá Iléṣà ló dé. Ohun tó ń nu gíláàsì iwájú ò lè bá a mọ́. A páàkì sẹ́bàá títì, àwa àtàwọn ọkọ̀ míì, títí ó fi dá.

Nígbà tá a débi tá à ń lọ, ọmọbìnrin kan tó ń lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ṣí báàgì rẹ̀. Ìwé èsì ìdánwò, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò pélébé, rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ewé mọ́ínmọ́ín. Yíǹkì ti ṣàn. Kò sunkún. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Ẹrù tèmi náà wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí ni mo tẹ́ sínú báàgì kí n tó kó aṣọ sí i, òun ló gbà á. Owó ọ̀rá ọ̀hún ò tó owó búrẹ́dì kan.

Torí náà, ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú báàgì kẹ́ ẹ tó kó ohunkóhun sí i, kẹ́ ẹ sì so ẹnu rẹ̀. Ẹ kó ìwé pàtàkì sínú ọ̀rá méjì, ara yín ni kó wà, kó má ṣe lọ sínú bùútù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú ọ̀rá kékeré kan fún fóònù, àtèyí tẹ́ ẹ máa kó aṣọ tútù sí tẹ́ ẹ bá ń padà. Ẹni tó bá ti sáré tún ìwé ẹ̀rí gbà rí mọ̀ pé wàhálà ibẹ̀ ò kéré.

Iná, owó àti oògùn

Tí ìjì bá jà, iná mànàmáná lè lọ fún alẹ́ kan, ó lè lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ gbé páwà báǹkì tẹ́ ẹ ti gba iná sí kún dání, kẹ́ ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì gidi. Ẹ má sọ pé fóònù ní tọ́ọ̀ṣì, torí fóònù yẹn náà lẹ fẹ́ fi pe ilé. Alẹ́ lẹ́yìn òjò ni ìgbín ń jáde, òun ni ejò náà ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé gbọ́dọ̀ rí ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ mú owó dání, owó ọwọ́, pàápàá owó kéékèèké. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti sá, ẹ̀rọ POS ò lè san nǹkan kan, ọlọ́kadà ò sì fẹ́ mọ̀ pé owó yín wà ní báǹkì.

Omi tó bá dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ̀fọn sì ni ibà. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn sí ò gba àyè púpọ̀ nínú báàgì, ẹ mú un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti London tàbí Amẹ́ríkà bọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ibẹ̀ la bí yín sí. Ara tó ti pẹ́ lókè òkun ti gbàgbé ibà. Ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó gbéra, torí oògùn tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀ ní láti ṣáájú ìrìn-àjò. Àkọ́rọ̀ òjò tún máa ń gbá ìdọ̀tí wọ inú kànga àti odò. Ẹ fi sáṣẹ́ẹ̀tì ORS méjì sápò nítorí ìgbẹ́ gbuuru, kẹ́ ẹ sì po ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹni tó bá ní oògùn tó ń lò lójoojúmọ́, kó mú èyí tó ju iye ọjọ́ tó fẹ́ lò lọ. Òjò lè dá yín dúró.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: fọ́tò ò tó ẹ̀mí

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa yà wo òṣọọ̀rọ̀ omi Olúmirin. Ó dáa, ó rẹwà, ó ga ní ìpele méje, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń gùn ún lọ ló ṣe ń le sí i. Lásìkò òjò, àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀ bí ilá. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ló yẹ kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe èyí tó bá aṣọ mu.

Ohun tí àwọn ará ìlú ńlá kì í rò ni pé òjò lè máa rọ̀ lórí òkè kí oòrùn máa ràn níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Omi òkè yẹn ń bọ̀ wá bá yín. Tẹ́ ẹ bá rí i tí omi yí àwọ̀ padà lójijì, tó ń gbé ewé àti ẹ̀ka igi bọ̀, tí ariwo rẹ̀ yàtọ̀, ẹ jáde kíákíá, ẹ gba ibi gíga lọ. Ẹ má dúró gbé bàtà. Ẹ má dúró ya fídíò. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ ti padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín níbẹ̀ pé ẹ má gùn lónìí, ẹ má jiyàn.

Bákan náà lójú ọ̀nà. Omi tó ń sáré kọjá lórí títì, tí ò ju orúnkún lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹ jẹ́ kó fà. Kì í pẹ́ fà.

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dì í

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ló ká mi lára jù. Àwa ará ìlú ńlá máa ń sọ pé òjò ba ọjọ́ wa jẹ́. N'Ípetu, àdúrà tó gbà ni àkọ́rọ̀ òjò. Ilẹ̀ ti rọ̀, wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo, wọ́n fẹ́ kọ ebè iṣu. Ẹ lè délé kẹ́ ẹ máà bá ẹnikẹ́ni, oko ni wọ́n wà. Torí náà, ẹ di ṣòkòtò gbígbó kan àti ẹ̀wù alápá gígùn mọ́ ẹrù. Iyán tí wọ́n máa gún fún yín lálẹ́, ẹ ti bá wọn fọwọ́ kan ilẹ̀ tó mú un jáde.

Ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì dáa, mílíìkì dáa. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tí òjò ń ṣe fún wọn. Yèyé, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, kì í béèrè nǹkan. Tí mo bá pè é pé, "Yèyé, kí lẹ fẹ́ kí n mú bọ̀?" á ní, "Ara rẹ ni kó o gbé bọ̀, ọmọ mi." Lọ́dún kan, mo pe ọmọ aládùúgbò wọn. Òun ló sọ fún mi pé páànù ti lu lókè ibùsùn màmá, abọ́ ni wọ́n fi ń gbe omi lóru, wọ́n á sì jí dà á nù nígbà tó bá kún. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Tapólì kan àti ìṣó alárọ́bà ni mo dì sísàlẹ̀ báàgì lọ́dún yẹn. Kò ná mi tó owó kánfáàsì tuntun. Káfíńtà lò ó láàárín wákàtí méjì. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kejì, Yèyé sì sùn mọ́jú.

Ó lè máà jẹ́ páànù nílé tiyín. Ó lè jẹ́ bàtà rọ́bà tí bàbá máa wọ̀ lọ sóko, tàbí bátìrì tọ́ọ̀ṣì, tàbí nẹ́ẹ̀tì tí ò ní ihò. Ẹ wá ẹni tó máa sọ òótọ́ fún yín, torí àwọn àgbà wa ò ní sọ ọ́.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú báàgì o, torí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ lè fi súwẹ́tà yẹn sílẹ̀ fún wọn.

Ní báyìí, ẹ lọ wo ohun tí àjọ NiMet, tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, sọ nípa ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó fa síìpù báàgì, ẹ pe ilé. Ẹ bi wọ́n léèrè pé: ṣé òjò ti rọ̀, ibo ló ń jò?